Ìtàn Ibà Láàárín Wa, àti Ìdí Tí Ikú Rẹ̀ Kò Fi Dọ́gba

Kò sí agboolé kan ní ìlú yìí tí kò mọ ibà. A mọ̀ ọ́n dé ibi pé a ti sọ ọ́ di ohun yẹpẹrẹ. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí òtútù sì ń mú un nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ohun tí àwọn ará ilé yóò wí ni pé, "Ibà lásán ni." Ọ̀rọ̀ "lásán" yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀, ohun tí a ń pè ní lásán yìí pa ènìyàn tí ó tó 597,000 ní gbogbo ayé. Nínú ogún ènìyàn tí ó pa, mọ́kàndínlógún ni ó wà ní Áfíríkà. Nínú mẹ́wàá tí ó pa, mẹ́ta ni ó kú ní Nàìjíríà tiwa yìí. Bí a bá sì kó àwọn òkú ilẹ̀ Áfíríkà jọ, ó ju ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí ẹ̀fọn kì í jẹ. Ó ń jẹ baálẹ̀, ó ń jẹ alágbàṣe, ó ń jẹ dókítà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, òkú kì í jáde bákan náà láti inú ilé gbogbo. Àwọn agboolé kan wà tí ibà kì í gbà ju owó oògùn lọ lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn wà tí ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Èmi gbàgbọ́, ìtàn sì tì mí lẹ́yìn, pé ẹ̀fọn ni ó ń fún ènìyàn ní ibà, ṣùgbọ́n omi tí ó yí ilé ká, irú ilé náà, oúnjẹ inú ìkòkò, owó inú àpò àti bí ilé ìwòsàn ti jìnnà tó ni ó ń pinnu ẹni tí yóò kú.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Àwọn kan ní oòrùn ni, àwọn kan ní iṣẹ́ àṣejù ni, àwọn kan ní epo tí a jẹ ní àjẹjù ni. Títí di òní olónìí a ṣì ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ ilé-ìwé kankan má ṣe tìtorí èyí fi àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn òyìnbó pẹ̀lú kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí wọ́n ń pe ibà yìí, malaria, láti inú èdè Ítálì ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ búburú: wọ́n rò pé òórùn tí ń ru sókè láti inú àbàtà ni ó ń wọ inú ènìyàn. Wọn kò kúkú ṣìnà pátápátá. Ẹni tí ó ní àbàtà ni, ó ti rí ibi tí ọ̀tá ń gbé kí ó tó rí ọ̀tá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó sì ní iṣẹ́ àṣejù ni, ó ti ṣàkíyèsí pé ara tí ó ti rẹ̀ kì í lè bá àìsàn jà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ọdún 1841. Ní ọdún náà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, láti gòkè odò Ọya. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọba etí odò náà dá májẹ̀mú òwò, kí òwò ẹrú lè parẹ́. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà nínú ọkọ̀. Àwọn òyìnbó tí wọ́n bá ìrìn-àjò náà lọ tó nǹkan bí 150. Kò pẹ́ tí wọ́n wọ inú odò tí ibà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn dùbúlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, títí ó fi di pé àwọn tí ó lè tukọ̀ kò tó mọ́. Àwọn tí ó kú nínú wọn lé ní 40. Àwọn ènìyàn dúdú inú ọkọ̀ wọ̀nyí kò kéré sí àwọn òyìnbó ní iye, omi kan náà ni wọ́n sì jọ wà lórí rẹ̀, ẹ̀fọn kan náà ni ó ń jẹ wọ́n; ṣùgbọ́n àwọn tí ibà mú nínú wọn kò tó nǹkan. Ohun tí ó tilẹ̀ yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé àwọn díẹ̀ tí ó mú ọ̀hún, àwọn tí wọ́n ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mélòó kan ni.

Ní ọdún 1854 wọ́n tún lọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n mú lọ lọ́tẹ̀ yìí, Pleiad ni orúkọ rẹ̀, dókítà kan tí ń jẹ́ William Baikie ni ó sì ṣe olórí. Crowther tún bá wọn lọ. Baikie ní kí gbogbo òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kuinínì lójoojúmọ́, yálà ara wọn le tàbí kò le. Oògùn kuinínì yìí, láti inú èèpo igi kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni a ti ń mú un. Wọ́n gòkè Ọya, wọ́n wọ odò Bẹ́núè, wọ́n sì padà wá láìsí òyìnbó kan tí ibà pa. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ilẹ̀ wa ti ṣí fún oníṣòwò, fún míṣọ́nnárì, àti fún ìbọn. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1861, Èkó bọ́ sí ọwọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò sọ pé oògùn nìkan ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, tí ó dárúkọ ọkọ̀ ogun àti àdéhùn, tí kò dárúkọ kuinínì, ó ti fo ojú ìwé kan.

Kí ni ó dáàbò bo àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1841? Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà rò pé awọ ara wa ni. Awọ kọ́. Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ ibà, tí ó sì dàgbà níbẹ̀, kòkòrò ibà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àìmọye ìgbà láti ọmọ ọwọ́, ara rẹ̀ sì ti kọ́ bí a ti í bá a jà. Ó lè ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kì í sábà kú mọ́. Owó orí ni, ìgbà ọmọdé ni a sì ti ń san án. Àgbàlagbà tí ó tukọ̀ láìsí ibà ní odò Ọya, ó ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò, ó ní ìkejì rẹ̀ tí kò lè san owó orí náà, tí wọ́n sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá fẹ́ rí ìwé tí a kọ iye wọn sí, kí a wo orúkọ wa: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Olùkọ́ ni mí, láràárọ̀ ni mo ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì, tí àwọn ọmọ sì ń dáhùn, "Mo wà níbí, sà!" Ẹ̀bẹ̀ tí ìyá bẹ ọmọ kí ó má lọ ni orúkọ wọ̀nyí. N kò ní sọ pé ibà ni ó pa gbogbo àwọn tí a pè ní àbíkú, nítorí ìgbóná, èèyi àti ìgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ìpín ibà nínú rẹ̀ kò kéré, ó sì ní ìpín mìíràn tí ó fara sin. Ní ọdún 1954, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Anthony Allison, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, fi hàn pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS kì í tètè kú ikú ibà bí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ AA. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ náà fi gbilẹ̀ láàárín wa. Bí ọkọ àti aya tí wọ́n jẹ́ AS bá sì fẹ́ra wọn, wọ́n lè bí ọmọ SS, tí ara kò ní jẹ́ kí ó gbádùn. Nítorí náà, yálà ibà pa ọmọ tàbí ìrora egungun ni ó pa á, ọ̀rọ̀ ibà wà nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti ní Amẹ́ríkà, ẹ fi èyí ṣe àkíyèsí. Ààbò tí mo ń sọ yìí kì í dúró lára títí láé. Ẹni tí ó ti pẹ́ ní ibi tí kò sí ibà, ara rẹ̀ yóò gbàgbé ìjà náà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ó sì bí sọ́hùn-ún kò kọ́ ìjà náà rárá. Púpọ̀ nínú àwọn tí dókítà Gẹ̀ẹ́sì ń bá ibà lára wọn lọ́dọọdún jẹ́ àwọn tí wọ́n wá kí ará ilé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n sì padà. Kí ẹni tí ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì nílé má ṣe wí pé, "Ṣebí ibẹ̀ ni a bí mi sí."

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ omi. Ní ọdún 1880, dókítà ológun Faransé kan, Alphonse Laveran, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní Àlùjíríà. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ ọdún 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Secunderabad, ní Íńdíà. Ní ọdún kejì rẹ̀, Grassi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi hàn pé ẹ̀fọn tí a ń pè ní Anopheles ni ó ń gbé ibà ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwà ẹ̀fọn náà, ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò. A máa ń tọ́ka sí gọ́tà dúdú tí ń rùn. Ẹ̀fọn inú gọ́tà náà ń jẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀yà mìíràn. Olórí ẹ̀fọn ibà ní ilẹ̀ wa, omi òjò tí ó mọ́, tí kò jinlẹ̀, tí oòrùn sì ń ràn sí, ni ó fẹ́ràn láti yé ẹyin sí: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà lójú ọ̀nà, kòtò tí a ti wa amọ̀ mọlé. Òjìji igbó kìjikìji kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí a bá gé igbó lulẹ̀, tí a la ọ̀nà, tí a wa yẹ̀pẹ̀ láti fi gbé ojú irin ga, tí a sì fi kòtò náà sílẹ̀ ní gbangba, a ti kọ́ ilé fún un. Òru ni ó sì ń jẹni, àyè tí ó wà láàárín ògiri àti òrùlé sì ni ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. Ilé tí ó ní àjà àti àwọ̀n lójú fèrèsé kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á láyè.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí Sir William MacGregor di Gómìnà Èkó ní ọdún 1899. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ kí a máa pín kuinínì, kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa ẹ̀fọn, kí a máa kún àbàtà, kí a sì gbẹ́ ọ̀nà omi tí ó ya erékùṣù Èkó kúrò lára Ìkòyí. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe omi náà, MacGregor Canal. Àwọn àgbà Èkó mọ̀ ọ́n. Ní àkókò kan náà, àwọn dókítà méjì, J. W. W. Stephens àti S. R. Christophers, wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ìwádìí, wọ́n sì dé Èkó ní ọdún 1900. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tí ń ṣeré káàkiri, tí kò dà bí ẹni pé nǹkan kan ṣe wọ́n, ní kòkòrò ibà lára. Ìmọ̀ràn tí wọ́n wá gba ìjọba ni pé kí òyìnbó kó ilé rẹ̀ jìnnà sí ilé ènìyàn dúdú.

MacGregor kọ̀. Ó ní Èkó jẹ́ ìlú kan ṣoṣo, kí a wo gbogbo rẹ̀ sàn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà fún èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣojú ọba òkèèrè ni. Ṣùgbọ́n ó kúrò ní Èkó ní 1904, ìmọ̀ràn kejì ni ó sì borí. Ní ọdún 1904 kan náà ni wọ́n kọ́ Hill Station sórí òkè ní Freetown fún àwọn òyìnbó, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Ní àkókò Lugard, ìlànà jáde pé kí ilẹ̀ òfìfo tí ó tó 440 yáàdì wà láàárín àdúgbò òyìnbó àti ti ènìyàn dúdú. Ibi tí a ń pè ní GRA ní àwọn ìlú wa, ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Síbẹ̀ àwọn òyìnbó náà kò lè ṣe láìní agbọ́únjẹ, olùtọ́jú ọgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀yìn ilé wọn gan-an ni wọ́n sì fi àwọn wọ̀nyí sí. Ẹ̀fọn kò ka yáàdì. Ohun tí ó mú GRA dára fún ara ni omi ẹ̀rọ, ọ̀nà tí omi ń gbà lọ, àwọ̀n ojú fèrèsé, owó oṣù àti dókítà nítòsí. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni a lè gbé wọ Ìsàlẹ̀ Èkó pẹ̀lú. Owó tí a ná láti ya ènìyàn sọ́tọ̀ ìbá ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìtàn Christophers kò parí síbẹ̀, apá kejì rẹ̀ ni ó sì wú mi lórí jù. Ó kúrò lọ́dọ̀ wa, ó lọ sí Íńdíà. Ní ọdún 1908, àjàkálẹ̀ ibà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgbèríko Punjab. Òjò rọ̀ lọ́dún náà tí odò fi kún bo ilẹ̀ tẹ́jú. Ní ìlú Amritsar, ìlú ńlá tí ó kún fún àwọn ahunṣọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò dùbúlẹ̀. Kò sí alágbàṣe tí a lè rí bẹ̀ níṣẹ́. Àwọn tí ń ta oúnjẹ pàápàá kò lè pàtẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá nìkan, àwọn tí a kọ sílẹ̀ pé ibà pa ní Punjab ju 300,000 lọ.

Ìjọba ní kí Christophers wádìí ohun tí ó fà á. Ó kó ìwé ikú àtẹ̀yìnwá jọ, ó kó ìwé òjò jọ, ó sì ṣe ohun kan tí dókítà kì í sábà ṣe: ó lọ wo iye owó àlìkámà lọ́jà láti ọdún dé ọdún. Ó rí i pé òjò púpọ̀ nìkan kò tó láti mú irú ikú bẹ́ẹ̀ wá. Ọdún tí òjò bá pọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, tí oúnjẹ sì gbówó lórí kọjá agbára tálákà, ni ikú máa ń ya wọlé. Ní ọdún tí ó ṣáájú 1908, òjò kò rọ̀ dáadáa, ìkórè kò dára, ọkà sì wọ́n gógó. Nígbà tí ẹ̀fọn dé, ebi ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ní ọdún 1911 ni ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ẹni kan náà tí ó wí ní Èkó pé kí a sá fún àwọn ọmọ dúdú ni ó wá wí ní Punjab pé kí a wo ìkòkò ọbẹ̀ aláìsàn. Àwọn àgbà wa ti wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A kò mọ̀ pé ó kan oògùn àti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òjò púpọ̀ ni ọ̀tá níbi gbogbo. Ní Sri Lanka, tí a ń pè ní Ceylon nígbà náà, ọ̀dá ni ó mú àjàkálẹ̀ wá ní ọdún 1934. Àwọn odò tí ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ gbẹ di adágún kéékèèké, ẹ̀fọn sì rí ibi tí yóò yé sí ní agbègbè tí àwọn ará ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ibà rí. Ìkórè bàjẹ́, ọjà rọ́bà àti àgbọn sì ti já wálẹ̀, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nǹkan bí 80,000 ni ó kú kí àjàkálẹ̀ náà tó rọlẹ̀ ní 1935. Ní Punjab, omi pọ̀ jù. Ní Ceylon, omi kéré jù. Ebi wà ní ibi méjèèjì.

Ibà tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Kì í dé lẹ́ẹ̀kan kí ó sì lọ. Ọdọọdún ni, ó ń ṣẹ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí sì nìyí tí kò fi dà bí àjàkálẹ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú Christophers wo oko tiwa. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje ni òjò ń rọ̀ jù, tí kòtò kún, tí ẹ̀fọn pọ̀. Oṣù wo ni owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kòkó? Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní ni. Kí iṣu titun tó jáde, àká ti ṣófo, owó kòkó ti tán lórí owó ilé-ìwé àti gbèsè. Àkókò tí ibà le jù gan-an ni àkókò tí náírà ṣọ̀wọ́n jù. Bí ọmọ bá ṣàìsàn nígbà náà, ìyá rẹ̀ yóò fún un ní àgbo, yóò wá oògùn tí ó ṣẹ́ kù nínú àpótí láti ọjọ́sí, yóò dúró di ọjọ́ ọjà kí ó lè ta nǹkan. Ọmọ agbo-ilé tí ó ní owó yóò ti lo oògùn ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kẹta gìrì yóò mú ọmọ tálákà, ẹlòmíràn yóò ní kì í ṣe ibà mọ́, wọn yóò gbé e lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ kẹrin ojú rẹ̀ yóò funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ọ̀kadà yóò sì gbé e dé ilé ìwòsàn níbi tí a ó ti béèrè owó kí a tó wá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọn kan náà ni ó jẹ ọmọ méjèèjì.

Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní ọdún 2015 fi èyí hàn kedere. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ kéékèèké ìdílé tí ó tálákà jù, a rí kòkòrò ibà lára 43. Nínú ọgọ́rùn-ún ti ìdílé tí ó lówó jù, 4 péré ni. Ní ìgbèríko ó jẹ́ 36 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìlú ńlá ó jẹ́ 12.

A ti gbìyànjú láti fi oògùn apakòkòrò nìkan ṣẹ́gun rẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn oníṣẹ́ ìlera fín ògiri ilé ní Ìlaròó láti dán an wò. Láti 1969 sí 1976, ìjọba àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe iṣẹ́ ńlá kan ní Garki, ní ilẹ̀ Kánò ìgbà náà: wọ́n fín ilé, wọ́n sì pín oògùn fún gbogbo ará abúlé. Ibà dínkù gidigidi, ikú ọmọdé pẹ̀lú dínkù. Ṣùgbọ́n wọn kò lè gé e kúrò, nígbà tí wọ́n sì dáwọ́ dúró, ó padà. Bákan náà ni ti Nífákúìn tí gbogbo wa mọ̀. Ó pọ́, kò wọ́n, ó gba ẹ̀mí púpọ̀ là, títí kòkòrò ibà fi kọ́ bí a ti í fara dà á. Ní ọdún 2005 ni ìjọba pa á tì, tí a gba oògùn tí ó ní artemisinin nínú, èyí tí àwọn ará Ṣáínà mú jáde láti inú ewé kan. Tu Youyou, obìnrin tí ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Oògùn náà dára. Iye owó rẹ̀ ni kò dọ́gba pẹ̀lú ti Nífákúìn.

Kí àwọn tí ń gbé ìlú ńlá má sì rò pé ọ̀rọ̀ oko ni mo ń sọ. Ẹ̀fọn kan wà láti Éṣíà, Anopheles stephensi, tí ó ń yé sínú táńkì àti àgbá omi láàárín ilé. Ní ọdún 2012 ni a kọ́kọ́ rí i ní Djibouti, nígbà tí ibà tí a kọ sílẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà jẹ́ 27 péré. Ní 2020 ó ti ju 73,000 lọ. A ti rí ẹ̀fọn náà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ilé tí omi ẹ̀rọ kì í dé, tí a fi ń to àgbá láìbò, kí àwọn onílé rẹ̀ gbọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ní Kebbi àti Bayelsa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ó gún ọmọ kí ó tó pé, ìyá tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, tí kò sì ní owó ọkọ̀, yóò sì nira fún un láti padà wá lẹ́ẹ̀kẹrin. Nítorí náà mo ní àbá méjì fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní ni pé kí a kún àwọn kòtò tí a ti wa amọ̀ àti yẹ̀pẹ̀ yí ìlú ká, pàápàá àwọn tí ó wà lẹ́yìn ọjà àti lẹ́bàá ilé-ìwé, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tán. Èkejì ni pé kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí owó wà, kí a má sì fọwọ́ kàn án títí di oṣù Karùn-ún. Kí a fi san owó àyẹ̀wò, oògùn àti ọkọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ibà bá mú, kí a má béèrè ọmọ ta ni. Mo ti fi àbá méjèèjì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, ìpàdé gbogbogbòò ti oṣù Kejìlá ni a ó sì ti jíròrò wọn. Kí olúkúlùkù ka iye kòtò tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀ kí ó tó wá.